Ìgbà Wo La Ó Yọ Ewé Kúrò Nínú Ọtí?

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa, mo júbà kí n tó la ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbà ńlá lẹ́yìn ilé, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìkòkò efinrin méjì péré lẹ gbé sójú fèrèsé, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Àwọn tó pè mí ní kí n má lò ju wákàtí kan lọ, nítorí náà mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn bí ọtí ṣe dé ayé.

Ìgò méjì ló wà níwájú mi yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí wọn. Ọtí kan náà ló wà nínú méjèèjì, vodka lásán tí kò láwọ̀. Ewé kan náà ni mo kó sí wọn, ewé mínìtì, ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, tí mo já lórí ebè kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ọjọ́ lọ. Mo yọ ewé kúrò nínú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi lẹ́yìn wákàtí 18. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, àlejò dé bá mi, mo gbàgbé rẹ̀ sórí pẹpẹ fún ọjọ́ 11.

Ẹ wo tọwọ́ ọ̀tún: ó mọ́, ó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Bí mo bá ṣí i báyìí, ẹni tó jókòó síwájú á gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó sọ pé mo ṣí i. Ẹ wá wo tọwọ́ òsì. Ó ti di rúsúrúsú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Òórùn koríko tí òjò pa, tí wọ́n kó jọ síbì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ló ń gbé jáde. Tí ẹ bá tọ́ ọ wò, ahọ́n yín á kọ́kọ́ gbẹ, ìkorò á wá yọ láti ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ohun tó wà nínú ìgò méjì yìí lọ. Kíkó ewé tàbí èso sínú ọtí kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ní ọwọ́ àti ìgò, ó parí. Yíyọ ọ́ jáde ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí ẹ máa kà máa ń sọ iye ewé, iye ọtí, iye ṣúgà. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ọjọ́, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì," wọ́n á kọjá lọ, àfi bíi pé ọ̀kan náà ni ewé, èèpo àti èso. A ti gbọ́ ọ títí pé sùúrù ni baba ìwà. Òótọ́ ni. Àmọ́ sùúrù yẹn náà ló ba ìgò ọwọ́ òsì mi yìí jẹ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò gan-an? Ọtí líle tí wọ́n ń tà sábà máa ń ní ìdá 40 ògidì ọtí nínú 100, òmíràn ní 37.5, omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tó kù. Ọwọ́ méjì ló wá fi ń ṣiṣẹ́. Omi inú rẹ̀ ń fa ṣúgà èso, ó ń fa ìkan, ó ń fa àwọ̀ pupa àti àwọ̀ àlùkò jáde. Ọtí inú rẹ̀ ń fa òróró, òróró yìí ló sì ni òórùn. Òun ló ń ta sánsán tí ẹ bá fi ìka ra ewé efinrin, òun ló ń fín jáde tí ẹ bá ká èèpo ọsàn pọ̀ lẹ́bàá àbẹ́là, tí iná á fi ta pàrà. Ata ló fi iṣẹ́ ọwọ́ méjì yìí hàn jù. Ohun tó ń jó ni lẹ́nu nínú ata, omi kì í fà á dáadáa, ìdí nìyẹn tí omi tútù kì í fi í pa iná ata lẹ́nu ẹni. Ọtí ní tirẹ̀ ń fà á kíákíá.

Lára àwọn ewé bíi mínìtì àti efinrin, ara ewé níta gan-an ni àpò òróró yẹn wà, wọ́n kéré débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí wọn. Bó ṣe jẹ́ pé ìta ni wọ́n wà, àwọn ni ọtí kọ́kọ́ ń bá pàdé. Wákàtí díẹ̀ tó fún un. Lẹ́yìn náà ló á wá máa wọnú ewé lọ, á máa fa àwọ̀ ewé, á máa fa ohun kan náà tó ń mú kí tíì tó pẹ́ jù nínú omi gbígbóná máa fún ẹnu pọ̀. Èyí tó dùn ló ń ṣíwájú, èyí tó korò ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ẹni tó bá lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bá ti jáde tán, ó ti mọ iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ìbéèrè kan wà tí kì í yéé wá. Ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe sísè ọtí o. Ẹni tó ń rẹ èso sínú ọtí kò dá ọtí kankan sílẹ̀; èyí tí wọ́n ti ṣe parí, tí wọ́n dé lójú, ló rà. Sísè ọtí, níbi tí wọ́n ti ń gbé ohun tó ti kan ka iná kí ooru rẹ̀ tún lè padà di omi, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, òfin rẹ̀ sì ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é nílé láìgba àṣẹ. New Zealand ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: láti 1996 ni wọ́n ti fàyè gbà á fún ẹni tó bá fẹ́ sè é fún ara rẹ̀. Ewu tó wà nínú ọtí tí wọn ò sè bó ṣe yẹ, tàbí tí ẹni burúkú fi nǹkan lù, ń jẹ́ methanol. Ó jọ ọtí tí à ń mu lójú, ó jọ ọ́ nímú, ó jọ ọ́ lẹ́nu. Ó sì ń fọ́ni lójú, ó ń pani. Mo ń sọ ọ́ torí pé àwọn kan gbà pé lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ewé kan lè wẹ ọtí tí wọn ò mọ orísun rẹ̀. Kò sí ewé tó lè ṣe é. Aṣọ tí ẹ fi sẹ́ ẹ kò lè ṣe é. Ọtí tí kò lórúkọ lára, tí wọ́n ti ṣí lójú, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní ti irú ọtí tó yẹ, mi ò ní fi àsìkò wa ṣòfò. Vodka ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́, torí kò ní ohun tirẹ̀ tó fẹ́ sọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu, ewé yín ló sọ ọ́. Jíìnì ti ní òórùn tirẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, torí èso juniper àti egbòogi mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Rọ́ọ̀mù bá ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ rẹ́. Wisikí, èmi kì í fi nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ojú tí kálukú fi ń wo nǹkan. Ẹ má ra èyí tó wọ́n jù, ẹ má sì ra èyí tó ń ta ni lọ́fun bíi kẹrosíìnì, torí èso kò lè bo àbùkù ọtí.

Ẹ jẹ́ ká wọnú ọgbà wàyí. Àárọ̀ ni kí ẹ já ewé, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀ tí oòrùn ò sì tíì le. Òórùn máa ń wà lára rẹ̀ nígbà yẹn ju ọ̀sán gangan lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Mo máa ń tẹ́ tèmi sórí aṣọ ìnura títí tí mi ò fi ní rí ẹ̀kán omi kan. Ohun tí mi ò fi ṣeré ni oògùn kòkòrò. Ẹ rántí pé ọtí kì í yan ohun tó máa fà. Bó ṣe ń fa òróró ewé náà ló ń fa ohun tí wọ́n fín sí ewé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ fi òdòdó tí wọ́n rà fún ẹ̀ṣọ́ ilé sínú ọtí, bó ti wù kó rẹwà tó. Àwọn tó gbìn ín kò ní i lọ́kàn pé ẹnì kan máa mu ún.

Ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló gba ọ̀bẹ jù, kí n sì fi hàn yín. Mo mú lẹ́mọ́ọ̀nù kan wá. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ tó bá jẹ́ pé ọjà lẹ ti rà á, torí wọ́n sábà máa ń fi ìda pa á lára kó lè dán. Òróró inú àwọ̀ ìyeyè yìí là ń wá, kì í ṣe oje. Ẹ wo ọ̀bẹ mi, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ń fà á bọ̀ wá sápá ọ̀dọ̀ mi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fá irun orí ọmọ. Èèpo tó jáde yìí, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ìka mi hàn láti òdì kejì? Ó dáa. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bó yìí, ọ̀bẹ mi jìn jù, ẹ wo funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Funfun yẹn ni ìkorò. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ojú ọ̀bẹ ha á kúrò. Iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́ ni, ó sì ń súni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é, kó má wulẹ̀ fi lẹ́mọ́ọ̀nù sí i.

Ní báyìí, ọjọ́. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ lọ́nà tó dùn mí, láti ọ̀dọ̀ ata. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo la ata pupa mẹ́ta sí méjì, mo kó o sínú ìgò vodka kan, mo sì fi sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo fi ṣíbí ìmutíì kan tọ́ ọ wò, ètè mi wú. Mo ní kò burú, màá là á. Mo dà á mọ́ vodka ìgò kan, ó ṣì ń jó. Mo fi ìgò mìíràn kún un. Nígbà tó máa fi ṣeé gbé sẹ́nu, mo ti ní ìgò mẹ́rin ọtí ata tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Nísinsìnyí, mo máa ń yọ kóró ata kúrò, màá kó o sínú ọtí, màá sì jókòó tì í. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tọ́ ọ wò. Wákàtí kan, mo tún tọ́ ọ wò. Ó ṣọ̀wọ́n kó ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Ewé tó rọ̀ ló tẹ̀ lé ata nínú ìkánjú. Mínìtì àti efinrin kì í fẹ́ ju ọjọ́ kan, ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ. Efinrin tiẹ̀ máa ń kìlọ̀ fúnni, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú; ẹni tó bá rí dúdú yẹn ti pẹ́ díẹ̀. Rosemary, ewé olóòórùn tó rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, le lára ju wọn lọ, ṣùgbọ́n kí líle ara rẹ̀ má tàn yín: ẹ̀ka kan tó gùn tó ìka ti tó fún ìdajì lítà, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó sì lè máa rùn bí ọṣẹ. Lavender, òdòdó olóòórùn aláwọ̀ àlùkò, burú jù ú lọ nínú ìyẹn. Koríko ọba ní sùúrù díẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu ìdí rẹ̀, ẹ fún un lọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Atalẹ̀ tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tí ẹ ti ha funfun rẹ̀ kúrò á lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Tí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ bá ti ṣí, tí ẹ ṣẹ́ ẹ tó dún kẹ́ bí ewé gbígbẹ, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́.

Èso ló yàtọ̀. Èso tó ní awọ, tó ní ara, tó jẹ́ pé inú ni adùn rẹ̀ wà, ọtí ní láti wọlé lọ bá a. Strawberry tí ẹ gé sí méjì á lò tó ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan. Èso tó dúdú tó sì kéré bíi blackberry lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbà wọn ni sloe, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ní Yúróòpù, kò tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ ńlá lọ, ó kan, ó sì ń fún ẹnu pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ ní tútù. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń fi í sínú jíìnì pẹ̀lú ṣúgà, ohun tó sì ń jáde pupa bí ẹ̀jẹ̀. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè European Union ní èyí tí wọ́n bá fẹ́ tà lórúkọ sloe gin kò gbọdọ̀ ní ògidì ọtí tó dín ní ìdá 25 nínú 100.

Ẹ ti rí ibi tí èyí ń gbé wa lọ. Bí ata bá ń fẹ́ wákàtí méjì, tí mínìtì ń fẹ́ ọjọ́ kan, tí lẹ́mọ́ọ̀nù ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kí ló dé tí a fi ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìgò kan ṣoṣo? Ó rẹwà lójú, mo mọ̀. Àwòrán rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ewé lókè, ọsàn láàárín, ata nísàlẹ̀. Ìgò fún wíwò ni. Ìgbàkigbà tí ẹ bá ṣí i, ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́ tàbí ọ̀kan ò tíì débì kankan. Ẹ fún kálukú ní ìgò tirẹ̀, ìgò kékeré onídèérí, kí ẹ yọ kálukú nígbà tirẹ̀, kí ẹ wá pò wọ́n pọ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú ṣíbí, díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn tó ń lu ìlù ni: ẹ gbọ́ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ní kí wọ́n jọ lù.

Báwo lẹ ṣe máa tọ́ ọ wò? Ọ̀pọ̀ máa ń gbé ìgò sẹ́nu, ìyẹn kò wúlò. Ọtí ìdá 40 máa ń pa ahọ́n kú. Ṣíbí ìmutíì kan ọtí, ṣíbí ìmutíì kan omi, sínú ife kékeré. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wá fi kan ahọ́n, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó gbé e mì tàbí kí ẹ tu ú dànù, torí lẹ́yìn ìgbà tó bá ti kúrò lẹ́nu ni ìkorò ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìgò pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ tó bá dùn, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má sọ pé ó dùn báyìí, á tún dùn sí i lọ́la.

Ọ̀rọ̀ omi inú èso kù, ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn án. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ìdajì lítà vodka ìdá 40, ìyẹn 500 mìlílítà, ògidì ọtí tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹnì kan wá rẹ́ kùkúḿbà 500 gíráàmù sí i. Kùkúḿbà, nínú 100 rẹ̀, omi gba bíi 95, nítorí náà omi 475 ló wọlé. Àpapọ̀ ti di 975, ọtí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ 200. Ìdá 40 ti bọ́ sí bíi ìdá 20 láìsí pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i! Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́, torí ohun tó ń jẹ́ kí ọtí pẹ́ láìbàjẹ́ ti ń tán lọ. Èmi kì í jẹ́ kí èso olómi ju ìdajì ìwọ̀n ọtí lọ, fíríìjì sì ni màá gbé èyí tó bá jáde sí, kí a mu ún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ọtí bo èso mọ́lẹ̀ pátápátá. Èyí tó bá yọrí jáde lókè ló máa hu èbu.

Ní ti ìkánjú, àwọn kan máa ń gbé ìgò sórí iná kó lè tètè wọ ara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ooru ọtí ń gba iná ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èyí tó jẹ́ ìdá 95, kò tiẹ̀ nílò iná lábẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru tó ń jáde lẹ́nu ìgò ti tó kí iná ìṣáná gbé e.

Mo ní díẹ̀ nínú irú ọtí ìdá 95 yẹn níbí, tí mo fi rẹ èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù. Irú rẹ̀ ni àwọn ará etíkun Amalfi àti Sorrento ní Ítálì fi ń ṣe limoncello, ọtí lẹ́mọ́ọ̀nù wọn tó dùn. Ẹ wo inú ife: ó pọ́n bí òróró, ó sì mọ́ gaara. Mo da omi ṣúgà tó ti tutù sí i báyìí. Ẹ rí i? Ó ti dàrú bí ìkùukùu, ojú kò rí òdì kejì ife mọ́. Kò bàjẹ́ o. Òróró lẹ́mọ́ọ̀nù ti yòrò sínú ọtí tó le. Bí omi ṣe dé, agbára ọtí dín kù, kò lè gbé òróró náà mọ́, òróró bá fọ́ sí ẹ̀kán kéékèèké tí kò níye, àwọn yẹn ló ń da ìmọ́lẹ̀ rú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ouzo, ọtí líle àwọn ará Gíríìsì, tí wọ́n bá bu omi sí i. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yìí ju mímu rẹ̀ lọ.

Sísẹ́ kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi asẹ́ kọ́kọ́ gbà á, ẹ wá fi aṣọ funfun tó mọ́, tàbí bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí. Ẹ má fún ewé náà o. Gbogbo ìkorò tí ẹ sá fún látọjọ́ yìí, inú ẹ̀kán ìkẹyìn yẹn ló wà. Ṣúgà, tí ẹ bá máa fi sí i, ẹ̀yìn ewé ni, ìwọ̀n ṣúgà kan sí ìwọ̀n omi kan, ẹ yọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ibi òkùnkùn ni kí ẹ gbé ìgò sí. Ìmọ́lẹ̀ ń pa àwọ̀ ewé, ìgò ọwọ́ ọ̀tún mi yìí náà kò ní dá bó ṣe rí yìí mọ́ lóṣù méjì sí i, bí adùn rẹ̀ ò tiẹ̀ tíì lọ. Àwọn mọ́ǹkì tó ń ṣe ọtí tí wọ́n ń pè ní Chartreuse ní Faransé, tí wọ́n ń fi ewé àti egbòogi 130 ṣe é, ewé náà ló fún un ní àwọ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Chartreuse aláwọ̀ ewé, ìdá 55 ló sì jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti májèlé tán kí a tó bọ́ sí ìbéèrè. Mo ti sọ pé ọtí kì í yan ohun tó máa fà. Ewé foxglove, òdòdó olóró kan, tí kò bá tíì yọ òdòdó, ó jọ ewé comfrey tí àwọn kan ń já lò, ọkàn ni foxglove sì ń dà láàmú. Ewé lily of the valley, tó jẹ́ májèlé bákan náà, jọ ti aáyù inú igbó tí àwọn ará Yúróòpù ń já jẹ. Kóró inú èso apricot àti ti cherry, tí ẹ bá fọ́ ọ, ohun tó ń di cyanide nínú ara wà nínú rẹ̀. Ewé tí ẹ ò bá lè pe orúkọ rẹ̀ níwájú ẹni tó mọ ewé, tí kò ní já yín, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó sì ń sọ pé ọtí báyìí ń woni sàn, mi ò sí lára wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù kìíní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè sọ pé kò ní ewu fún ìlera. Ohun dídùn ni mò ń ṣe, n kì í ṣe oògùn. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí dókítà kọ, ẹ jẹ́ kí tiyín jẹ́ mínìtì inú omi tútù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kan: ṣé ewé gbígbẹ kò lè ṣe é? Ó lè ṣe é, bàbá, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n tútù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa tètè tọ́ ọ wò, torí ó máa ń yára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè nípa èso inú fírísà. Fírísà tiẹ̀ ń ṣèrànwọ́: omi inú èso ń di yìnyín, yìnyín ń fọ́ ara èso láti inú, oje á sì tètè jáde. Àwọn tó ń ká sloe máa ń dúró de ìgbà tí yìnyín bá kọ́kọ́ bọ́. Ẹni tí kò bá lè dúró, á kó o sí fírísà ní alẹ́ kan. Ẹlòmíràn ní ṣé a lè jẹ èso tí a bá yọ jáde. Ẹ lè jẹ ẹ́, àmọ́ ọtí ti wọ̀ ọ́, kò sí fún ọmọdé, kò sì sí fún adìyẹ.

Màmá kan tó jókòó lápá ọ̀tún ló béèrè èyí tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìgò tọwọ́ òsì yẹn, ṣé kò sí ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe?" Mo ní kò sí, mà. Mo ti fi ṣúgà sí i, ó di ìkorò tó dùn. Mo ti là á, ó di ìkorò tó pọ̀ sí i. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò tíì dà á nù?" Mo ní kí n lè máa rí i gbé wá síbi báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n bu ṣíbí kan fún àwọn nínú rẹ̀, àwọn fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Mo kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dijú pa, wọ́n na ọwọ́ síwájú láìlajú: "Ẹ tètè gbé tọwọ́ ọ̀tún wá kí n fi ṣan ẹnu."